Ta Ni Kí Òbí Lọ Bá? Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣàkóso Iléèwé Ìjọba ní Aduwawa àti Ìlú Benin

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tó ti Aduwawa àti Ikpoba Hill wá, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso iléèwé ìjọba nílùú tí ẹ ń gbé yìí. Ohun tó mú yín béèrè kò ṣókùnkùn sí mi. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níléèwé ọmọ yín, ọ̀gá iléèwé á ní ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ á ní SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló kàn. SUBEB á ní Àbújá kò tíì fi owó sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ kí ẹ tó bọ̀, ọmọ ti jáde ìwé mẹ́fà.

N kò wá láti bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí mo ṣe wo ètò náà sí ni pé ẹni tó ń sanwó kọ́ ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, ẹni tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́ kò sí ládùúgbò, ẹni tó wà ládùúgbò kò sì ní àṣẹ. Bí ẹ bá di ìyẹn mú, ìyókù ọ̀rọ̀ mi kò ní ta kókó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìtàn àwa Yorùbá tí a ń gbé níbí àti ti àwọn Ẹdó onílé wa ti pàdé. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣílẹ̀kùn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn yẹn ni Benin wà nígbà náà. Ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìkirè, ọmọ Benin, ọmọ Auchi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọlé. S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952, wọ́n sì fi àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kọ́ ilé, wọ́n fi kọ́ olùkọ́. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò ẹkùn náà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n di 811,432. Ẹ ro ti olùkọ́ tó dúró níwájú kíláàsì lárọ̀ọ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ ni pé ìjọba kọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iléèwé wọ̀nyẹn. Ìjọ ló ni wọ́n: Kátólíìkì, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi. Ìjọba ń fún wọn lówó, ṣùgbọ́n máníjà, tó sábà máa ń jẹ́ àlùfáà, ló ń gba olùkọ́, òun náà ló ń lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni iléèwé kánsù wà, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní L.A. Bí olùkọ́ bá mutí yó wọ kíláàsì, bàbá ọmọ mọ ilé máníjà. Ó lè lọ dúró dè é lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. N kò sọ pé ètò yẹn dára délẹ̀. Máníjà lè lé olùkọ́ torí pé ó fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Mùsùlùmí sì lè gba orúkọ tuntun kó tó ríjókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bá wíjọ́ kò jìnnà sí wọn.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1963 ni wọ́n ya ẹkùn Mid-West kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, tí Benin di olú-ìlú fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ológun Samuel Ogbemudia, ìjọba gba iléèwé lọ́wọ́ ìjọ. Ìpínlẹ̀ náà di Bendel ní 1976. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n pín Bendel sí Ẹdó àti Delta. Orúkọ ń yí padà, ohun kan kò yí: láti ìgbà tí máníjà ti lọ, àṣẹ lórí iléèwé kò padà wá sí àdúgbò mọ́. Olú-ìlú ló lọ jókòó sí.

Wọ́n gbìyànjú láti dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì bàjẹ́. Ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1988 tí yóò máa bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 1991, wọ́n tú àjọ náà ká, wọ́n di gbogbo ẹrù náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí. Ẹ̀yin tó jẹ́ olùkọ́ nígbà náà ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: owó-oṣù kò wá mọ́, ìyanṣẹ́lódì lórí ìyanṣẹ́lódì, ìyá olùkọ́ ń ta gààrí, bàbá olùkọ́ ń lọ sóko. Ní 1993, wọ́n dá àjọ náà padà. Látìgbà yẹn ni olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń bẹ̀rù ìjọba ìbílẹ̀ bí ẹni ejò ti bù jẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé níwájú.

Òfin tí a ń lò lónìí ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004. Sokoto ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti kéde ètò náà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1999, ó sì tó bí ọdún márùn-ún kó tó di òfin. Ọdún mẹ́sàn-án ni òfin náà fi jíǹkí gbogbo ọmọ: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbowó lé e, kò sì sí òbí tó lè kọ̀ ọ́. Òbí tó bá pa ọmọ mọ́lé, ìbáwí ni lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Tó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Ẹni tó bá gbowó iléèwé lọ́wọ́ òbí ńkọ́? Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦10,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó gbowó ni òfin le mọ́ ju òbí lọ. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí nígbà tí wọ́n bá tún ní kí ọmọ mú owó ìdánwò, owó ìgbálẹ̀, owó sémẹ́ńtì wá.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè pàápàá ti sọ pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó fi í sí apá tí ará ìlú kò lè gbé lọ sílé ẹjọ́, ó sì fi ‘bí agbára bá ṣe gbé e’ kún un. Ní oṣù Kẹta 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn aṣòfin ti fi òfin 2004 gbé e kalẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ ni, a sì lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lé e lórí. Ìdájọ́ ńlá ni. Ó yà mí lẹ́nu pé bóyá ni òbí kan nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́ nípa rẹ̀.

Wàyí o, ta ló ń ṣàkóso? Ìlú Benin kò ní ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín àárín ìlú láàárín ara wọn: Oredo ni ọjà Ọba wà, Egor ni Uselu wà, Ikpoba-Okha ni àwa tí a wà ní Aduwawa yìí wà, tí oríkò rẹ̀ sì wà ní Idogbo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ tí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ń darí, ẹni tí ẹ̀yin olùkọ́ ń pè ní E.S. Létí, ẹ ó rò pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀gá E.S. Rárá o. Òfin 2004 sọ ọ́ gbangba pé abẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ni ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ìgbìmọ̀ yẹn ni SUBEB. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ti Ẹdó sì ń bójú tó ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjìdínlógún, láti Akoko-Edo tó bá Oǹdó pààlà títí dé etí odò.

Gómìnà ló ń yan alága SUBEB àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Kò sí ìbò, kò sí ìpolongo, kò sí ọjọ́ tí aráàlú yóò lọ fi ìka tẹ tàdáwà. SUBEB ló ń gba olùkọ́, òun ló ń gbé e láti iléèwé kan lọ sí èkejì, òun ló ń gbé e ga, òun ló ń bá a wí. Iléèwé girama àgbà tiẹ̀ yàtọ̀: mínísírì ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí iléèwé tí kékeré àti àgbà jọ wà nínú ọgbà kan, tí ọ̀gá méjì ń jẹ níbẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn du kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé kíkà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká ní ìjì oṣù Kẹrin ṣí òrùlé kíláàsì ìwé kẹta lọ. Mo fẹ́ kí á tẹ̀ lé lẹ́tà ọ̀gá iléèwé.

Ọ̀gá iléèwé kò ní àpò owó tó lè kan páànù. Ó kọ̀wé sí E.S. ní Ikpoba-Okha. E.S. rán ẹni wá wò ó, ó kọ orúkọ iléèwé náà sínú àkọsílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí SUBEB. Títí dé ibí yìí, ìròyìn nìkan ló ń rìn. Owó kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀. SUBEB kó gbogbo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, ó fi wọ́n ṣètò iṣẹ́ ọdún, ó gbé ètò náà lọ sí UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní Àbújá. Níbẹ̀ ni owó wà. Òfin ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ wá kún un, ètò iṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́ Àbújá lọ́rùn. Bí wọ́n bá gbà á, iye tó pọ̀ jù lọ á lọ sí ilé àti àga, ìyókù á lọ sí ìwé àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ìpolówó iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yíyan agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ni páànù.

Bí gómìnà kò bá rí owó tirẹ̀ mú wá, owó Àbújá á jókòó sí báńkì. Kì í ṣe Ẹdó nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dọọdún ni àwọn ìwé ìròyìn ń ka orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí kò gba tiwọn. Àwọn ọmọ ìwé kẹta sì wà lábẹ́ igi, tàbí kí wọ́n kó wọn mọ́ ìwé kejì, kí ọgọ́rin ọmọ jókòó síwájú olùkọ́ kan. Ẹ̀yin òbí, nítorí pé ẹ kò lè wo ìyẹn níran, ẹ dá owó jọ, ẹ ra páànù. Òòtọ́ ni pé oore ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ ra á ni wọ́n yọ iléèwé yín kúrò nínú àkọsílẹ̀ E.S., tí iléèwé mìíràn bọ́ síbẹ̀. N kò ní kí ẹ má rà á. Mo ní kí ẹ fi rísíìtì rẹ̀ kọ lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ owó-oṣù le ju ti páànù lọ. Ìwé Òfin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ ‘kópa’ nínú ìpèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkópa yẹn ti di ìwọ̀nba ohun kan: kí wọ́n yọ owó-oṣù olùkọ́ nínú owó ìjọba ìbílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Àpò kan wà tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní, ìgbìmọ̀ kan máa ń jókòó lé e lórí lóṣooṣù, owó olùkọ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kẹrin 2002, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa yọ owó olùkọ́ ní orísun bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni àpò tí wọ́n jọ ní yẹn ti di ibi tí wọ́n ń yọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ẹgbẹ́ olùkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jó. Ẹ ó rántí 1991. Bí owó bá dé ọwọ́ alága ní Idogbo ní kíkún, ta ni yóò yọ owó-oṣù olùkọ́ tí SUBEB gbà síṣẹ́? Alága lè ní òun kò mọ iye olùkọ́ tí wọ́n kó bá òun. Alága tí òun náà kò mọ ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ yóò yọ òun: ní oṣù Kejìlá 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹdó dá alága ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún dúró lẹ́ẹ̀kan náà fún oṣù méjì. Ojú tèmi ni pé kí ìlànà tí yóò dáàbò bo owó-oṣù olùkọ́ kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ́nà tuntun. Òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ebi kò gbọdọ̀ tún pa olùkọ́ nítorí rẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, Ẹdó ti gbìyànjú nǹkan méjì tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Nígbà tí Adams Oshiomhole jẹ́ gómìnà, wọ́n kọ́ iléèwé alórùlé pupa káàkiri, wọ́n sì ní kí olùkọ́ wá ṣe àyẹ̀wò. Ní 2013, fídíò olùkọ́ kan tí kò lè ka ìwé tó wà nínú fáìlì òun fúnra rẹ̀ tàn kálẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kọ́ ló yẹ, ìbéèrè ló yẹ: ta ló gbà á síṣẹ́, alábòójútó wo ló ń bọ̀ wá wo kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kí ló sì kọ sínú ìròyìn rẹ̀? Mo rò pé a mọ ìdáhùn. Ilé la kọ́, a kò kọ́ àbójútó.

Godwin Obaseki, tó jẹ gómìnà lẹ́yìn rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2018, SUBEB tí Joan Osa Oviawe ń darí bẹ̀rẹ̀ EdoBEST. Wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀, ohun tí yóò kọ sí pátákó, ìbéèrè tí yóò bi ọmọ, ìṣẹ́jú tí yóò lò. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ló ń fi tó oríkò létí pé olùkọ́ dé àti pé ẹ̀kọ́ parí. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní Bridge, tó di NewGlobe, ló bá wọn ṣe é. Báńkì Àgbáyé yá Ẹdó ní mílíọ̀nù 75 dọ́là lórí ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Èkó rí i, ó ṣe EKOEXCEL. Kwara náà ṣe KwaraLEARN, ilé-iṣẹ́ kan náà ló bá wọn ṣe é.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ó dára. Olùkọ́ tí kò wá síṣẹ́ kò tún lè fara pamọ́ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ rí ohun dìmú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọṣẹ́ dunjú, tó rí i pé ọmọ kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ àná, tábúlẹ́ẹ̀tì á ní kó tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ Bridge náà ní ìtàn lẹ́yìn: ní 2016, ìjọba Uganda ní kí wọ́n ti àwọn iléèwé wọn pa, ní 2022 sì ni ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó fi owó sínú ilé-iṣẹ́ náà yọ owó rẹ̀ kúrò. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ mi lónìí ni ibi tí àṣẹ lọ. Tẹ́lẹ̀, ó ti kúrò ládùúgbò lọ sí SUBEB. Pẹ̀lú EdoBEST, ìlapa èrò ohun tí ọmọ Aduwawa yóò kọ́ lọ́la ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà. Òbí kò lè dìbò fún un, kò lè yọ ọ́, kò tiẹ̀ lè ka àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe. Iye olùkọ́ kò sì tó. Kò sí tábúlẹ́ẹ̀tì tó lè dúró nínú kíláàsì tí kò ní olùkọ́.

Ní òkè òkun, àwọn kan rò pé ìdìbò ni yóò tán gbogbo rẹ̀. Ẹ ní ará ní Chicago, mo mọ̀. Láti 1995, olórí ìlú ló ń yan ìgbìmọ̀ iléèwé ibẹ̀, bí gómìnà ṣe ń yan tiwa. Àwọn òbí àti ẹgbẹ́ olùkọ́ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gba ìdìbò: ní oṣù Kọkànlá 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan mẹ́wàá nínú ọmọ ìgbìmọ̀ mọ́kànlélógún, ìyókù wà lọ́wọ́ olórí ìlú títí di 2027. Ẹgbẹ́ olùkọ́ náwó sí ìdìbò náà, àwọn olówó tó fẹ́ iléèwé aládàáni oríṣi kan náwó sí i. Òbí tó ń fi takisí jẹun kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. N kò ní kí a dìbò yan SUBEB ní Benin. Bí mo ṣe mọ ìdìbò wa sí, ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú ni yóò wọ ọgbà iléèwé.

Èyí tó wù mí jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ kánsù ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ó kéré tán, òbí méjì tí àwọn òbí fúnra wọn dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń yan ọ̀gá iléèwé, ó ń wo bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè jókòó síbẹ̀, kó bi ọ̀gá iléèwé ìdí tí ọmọ aláwọ̀ dúdú fi pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń lé jáde. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ dá a lóhùn.

Àwa náà ní irú rẹ̀, a kàn kò lò ó ni. Ní 2005, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn kọmíṣánnà àti mínísítà ètò ẹ̀kọ́ pàṣẹ pé kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí a ń pè ní SBMC. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni o. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. SBMC ní ìjókòó fún aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí Odionwere, àgbà tó jẹ́ olórí àdúgbò, bá rán níbí. Ó ní ti ọ̀gá iléèwé, ti olùkọ́, ti ẹgbẹ́ òbí, ti àwọn obìnrin, ti ọ̀dọ́, ti oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn tó ti jáde níléèwé náà, àti ti ọmọ iléèwé fúnra wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ bí olùkọ́ ṣe ń wá síṣẹ́, láti kọ ohun tí iléèwé nílò lọ́dún, láti rí i pé iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ṣe jọ ohun tí wọ́n sanwó fún. Wọn kò lè gba olùkọ́, wọn kò lè lé e. Ojú àti ẹnu ni wọ́n. Ní ibi tí ẹlòmíràn ti gbé ọwọ́ àti àpò lọ, ojú àti ẹnu kò kéré.

Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, orúkọ ló wà nínú ìwé, ìpàdé kò sí. Ọ̀gá iléèwé á kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé nígbà tí àlejò bá ń bọ̀ láti oríkò. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀gá iléèwé nìkan. Àwa Yorùbá tí a wà níbí, mo ti gbọ́ ohun tí a máa ń sọ: ‘Àlejò ni wá, a kò gbọdọ̀ bá onílé dá sí i.’ Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àmọ́ ẹni tó ti ń gbé Aduwawa láti ọgbọ̀n ọdún, tó bí ọmọ síbẹ̀, tó ń san owó ọjà lójoojúmọ́, irú àlejò wo nìyẹn? Òfin 2004 kò béèrè ìlú tí bàbá ọmọ ti wá. Ọmọ Esan tó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Auchi, ọmọ Hausa tó wà ní ọjà màálù, ọmọ Ìgbò tó ń ta páàtì, kíláàsì kan náà ni ọmọ wọn àti ọmọ yín ń jókòó sí. Bí òrùlé bá jò, orí gbogbo wọn ló ń jò sí.

Mo sì mọ pé àwọn kan nínú yín ti fi iléèwé ìjọba sílẹ̀, ẹ ti gbé ọmọ lọ sí àwọn aládàáni kéékèèké tó kún àdúgbò yìí. N kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òbí tó lágbára láti sọ̀rọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, èyí tó kù sẹ́yìn ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iléèwé ṣe ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ lọ sí iléèwé ìjọba tó sún mọ́ yín, ẹ béèrè orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ SBMC àti ọjọ́ tí wọ́n ṣèpàdé kẹ́yìn. Bí kò bá sí ìpàdé, ẹ ní kí wọ́n pè é. Kí ẹgbẹ́ yín yan ìyá kan àti ọ̀dọ́ kan tí yóò máa lọ, kì í ṣe bàbá tó ní àkókò jù lọ láti sọ̀rọ̀ nìkan. Ẹ bá Odionwere sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ wá gbàjọba.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ̀wé. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti sọ nígbà kan pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Àwọn ará Ẹdó, láti ìlú Benin yìí gan-an, gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀ràn iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àrùn éèdì. Wọ́n borí ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn, wọn kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre: òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ bákan náà.

Nítorí náà, lẹ́tà kìíní tí mo fẹ́ kí ẹ kọ, ẹ kọ ọ́ sí SUBEB Ẹdó, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní Ikpoba-Okha. Ẹ béèrè ètò iṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí Àbújá lọ́dún yìí, àti iléèwé Aduwawa tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e fún ẹni tí yóò bá yín mọ ẹnìkan níbẹ̀. Ẹ mú un lọ fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ méje.